Omi Nínú Ìgò Sódíọ̀mù

Ọjọ́ Ajé, 2/3/98

Ọ̀gá àgbà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀kúnlé, pè mí sí ọ́fíìsì lónìí, ó ní ọmọ mẹ́fà ló forúkọ sílẹ̀ fún Kẹ́mísírì nínú ìdánwò àṣejáde. Mẹ́fà! Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti wà ní Ìpáò yìí, kò sẹ́ni tó dán an wò rí. Wọ́n á ní Kẹ́mísírì le, wọ́n á tún ní tíṣà tó ń kọ́ ọ le jù ú lọ. Ọ̀gá wá ní kí n jọ̀ọ́, kí n má fi ìbínú lé àwọn mẹ́fà yìí sá. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà." Mo sì ti ń bínú bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Oòrùn ń jó ni lágbárí. Kò sí kẹrosín ní Ìkọ̀lé, kò sí ní Ọ̀yẹ́. Sítóòfù la sì fi ń dáná ní láàbù wa, torí gáàsì kò dé ibẹ̀ rí. Ìgò bíà kan kẹrosín ti di ogójì náírà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lábẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5/3

Lónìí mo kọ́ wọn bí mẹ́tààlì àti èyí tí kì í ṣe mẹ́tààlì ṣe ń di áyọ́ọ̀nù. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó lẹ́ẹ̀mejì, kò wọ̀ wọ́n létí. Mo bá kó wọn jáde sí pápá, mo kó kíláàsì méjì mìíràn mọ́ wọn kí wọ́n lè tó méjìdínlọ́gbọ̀n, mo fi eérú fa agbo mẹ́ta sí apá kan, agbo mẹ́ta sí apá kejì. Apá ọ̀tún ni sódíọ̀mù: ọmọ méjì nínú agbo kìíní, mẹ́jọ nínú ìkejì, Ìkẹ́olúwa, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà mi, nìkan ṣoṣo nínú ìkẹta. Apá òsì ni kílórínì: méjì, mẹ́jọ, méje. Gbogbo wọn ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Mo ní, "Ẹ̀yin méje yẹn, ẹnì kan ló kù kí agbo yín pé. Ẹ wò ó, òun nìyẹn."

Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ kílórínì ya bo Ìkẹ́olúwa, wọ́n fà á ní apá, wọ́n fà á ní ẹsẹ̀, apá ẹ̀wù rẹ̀ ya, imú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n wọ́ ọ wọ inú agbo tiwọn, wọ́n ń hó yèè. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Kì í ṣe jẹ́jẹ́ ni mẹ́tààlì ń fi tirẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í ṣe jẹ́jẹ́ ni ẹnì kejì ń gbà á. Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, òun náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, láìsí Kẹ́mísírì wọn ò ní gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 6/3

Ìkẹ́olúwa béèrè ìbéèrè kan ní kíláàsì. Ó ní, "Mà, bí sódíọ̀mù bá sọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan nù, ó dín nìyẹn. Kí ló dé tí a fi ń kọ àmì àròpọ̀ sí i lórí? Kílórínì tó gbà kún tirẹ̀, àmì àyọkúrò la fún un. Ṣé kì í ṣe òdìkejì ló yẹ kó jẹ́ ni?"

Mo ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn. Ó tún bi mí. Mo ní kó jókòó. Ó béèrè ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ojú mi ṣú. Mo pè é síwájú, mo nà án ní pàṣán mẹ́fà ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Kò sunkún. Ìyẹn tún bí mi nínú, mo fi ẹyọ kan lé e.

Kí n sọ òótọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí mi: mo mọ ìdáhùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì rí ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ kó yé wọn. Ojú ló tì mí. Pàṣán ló sì sún mọ́ ọwọ́ mi jù.

Ọjọ́ Ajé, 9/3

Bàbá Ìkẹ́olúwa wá sí ilé-ìwé. Olúsọjí agégẹdú, apá rẹ̀ tó itan mi. Bí mo ṣe rí i tó ń bọ̀ ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Àfi bó ṣe sọ iṣu mẹ́rin kalẹ̀ níwájú mi.

"Tíṣà, ẹ kú uṣẹ́. Mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ṣé o. Ọmọ yìí, ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù nú ulé. Bó bá tún yájú, ẹ nà á jù báun lọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì gbé iṣu náà relé. Iṣu náà dáa, kò ní okùn nínú.

Ọjọ́bọ̀, 12/3

Kíláàsì mi dákẹ́ rọ́rọ́ báyìí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè nǹkan kan. Mo kọ́ wọn ní magínísíọ̀mù tó ń sọ méjì nù, àti alumíníọ̀mù tó ń sọ mẹ́ta nù, àti ọ́síjìn tó ń gba méjì kún tirẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Wọ́n ní, "Ó yé wa, Mà." Iṣẹ́ ń lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17/3

Ẹnì kan ń jí kẹrosín láàbù. Ìgò sódíọ̀mù tó wà ní yàrá ẹrù, kẹrosín inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó ìka méjì. Mo mú bírò, mo fa ìlà yí ìgò náà ká, mo pe Bàbá Dàda.

Bàbá Dàda ló ń bá wa fọ ohun èlò, tó ń ṣí láàbù, tó ń tì í. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìntì. Mo ní, "Bàbá, ẹ wo ìlà yìí. Ọjọ́ tí mo bá rí i pé ohun tó wà nínú ìgò yìí kò dé ibẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wí tẹnu yín fún ọ̀gá." Ó wolẹ̀, ó ní ó dáa, Mà. Kò bi mí pé kí ló dé tí à ń ri mẹ́tààlì sínú kẹrosín. Èmi náà kò sọ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 20/3

Òjò àkọ́rọ̀. Ó ká páànù méjì lórí yàrá àwọn tíṣà. Ooru ti rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24/3

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún ara mi.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, sítóòfù kú mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́. Omi iyọ̀ tí à ń sè kó gbẹ kò tíì gbẹ dé ìdajì. Mo kígbe mọ́ Bàbá Dàda lójú àwọn ọmọ: "Ẹ lọ wá kẹrosín wá! Ibi yòówù kí ẹ ti rí i, mi ò fẹ́ gbọ́. Ọ̀lẹ ló ń dà yín láàmú, kì í ṣe àìsí kẹrosín!" Ẹgbẹ́ bàbá mi ni ọkùnrin yìí o. Ó ní, "Ó dáa, Mà," ó wọ yàrá ẹrù lọ, ó padà dé pẹ̀lú kẹrosín nínú agolo mílíìkì. Iná jó. Mi ò bi í níbi tó ti rí i.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo rán Ìkẹ́olúwa sí yàrá ẹrù pé kó mú ife bíkà méjì wá. Ó pẹ́. Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Ìró kan ló dá mi lóhùn, ìró tó fọ́ fèrèsé yàrá náà tó sì gbé ilẹ̀kùn kúrò lára ògiri. Iná, èéfín, lẹ́yìn náà igbe. Ọmọ náà jáde sí wa pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níwájú, ìka méjì ti lọ, èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò àti ti àárín, ìyókù sì ń jó. Kì í ṣe àpèjúwe. Èérún sódíọ̀mù wọ inú ẹran ara rẹ̀, bó ṣe ń bá ẹ̀jẹ̀ pàdé ló ń tan iná wẹ́wẹ́.

Àwọn ọmọ fẹ́ da omi sí i. Mo gbá wọn sẹ́yìn. Mo jókòó lé ọmọ náà láyà, mo fi ọ̀bẹ hó èérún náà kúrò níkọ̀ọ̀kan, ó ń ké, ó ń bù mí jẹ. Nígbà tí mo rí i pé kò kù mọ́, mo da korobá omi mẹ́ta lé e lọ́wọ́. Nǹkan tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń ra kòkó ló gbé wa dé ọsibítù ní Ìdó.

Lójú ọ̀nà ni Bàbá Dàda ti sọ fún mi. Ó da ìdajì kẹrosín inú ìgò náà sínú agolo. Ó wá rántí ìlà mi. Ó pọn omi, ó bù ú kún un títí ó fi dé orí ìlà, ó sì dé e pinpin. Ó ní, "Mo bẹ̀rù yín ni, Mà."

Ọjọ́ Ẹtì, 27/3

Olúsọjí dé láti inú igbó pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n ti gbọ́ pé Bàbá Dàda ló bu omi sínú ìgò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun pa á mọ́ra. Wọ́n wọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ omi dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, wọ́n fi pákó nà án. Mo gbọ́ bí egungun ìhà rẹ̀ ṣe dún. Ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ àti iyanrìn, ó ṣì ń sọ̀rọ̀: "Mi ò mọ̀. Tíṣà ló ní kí n wá kẹrosín. Mi ò mọ̀ pé omi ń bá a jà."

Olúsọjí dáwọ́ dúró, ó yíjú sí mi. "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó bù ú nú ugò un?"

Mo ní, "Rárá."

Òótọ́ sì ni. Mi ò sọ pé inú ìgò. Òótọ́ tó burú ju irọ́ lọ ni mo sọ. Wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀, mo sì dúró níbẹ̀ mò ń wò wọ́n. Àwọn ọkùnrin ìjọ wa ló sáré wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé e lọ sí Àsin lórí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28/3

Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 30/3

Ọ̀gá Ayọ̀kúnlé kọ ìròyìn tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Adó. Ó kà á fún mi. Ó ní ìwà àìbìkítà òṣìṣẹ́ láàbù kan ló fà á, àti ìtojúbọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fọwọ́ kan ohun tí a kò rán an sí. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ní, "Mo ń dáàbò bò yín ni, Ìyáàfin Adédoyin. Ẹ̀yin nìkan la ní fún Kẹ́mísírì." Mo bọwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́bọ̀, 2/4

Mi ò sùn. Mò ń ro ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò náà, bí ẹni pé mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè ìdánwò.

Omi wúwo ju kẹrosín lọ, ìsàlẹ̀ ló wà. Sódíọ̀mù wúwo ju kẹrosín lọ, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ ju omi, nítorí náà ó dúró sáàárín méjèèjì. Ibi tó ti fẹnu kan omi ló ti sọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ nù. Omi gbà á, haidirójìn sì bọ́ jáde ní afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ náà gbé mẹ́tààlì náà lọ sókè, ó tún rì wálẹ̀, ó tún sọ òmíràn nù. Ó ń lọ sókè sódò bẹ́ẹ̀, ooru ń pọ̀, ìdérí sì le. Ohun tó kù nínú omi ni oje tó ń jẹ ẹran títí dé egungun. Ẹyọ kan ṣoṣo ni sódíọ̀mù ń wá ọ̀nà àtisọ nù, kò sì bìkítà ohun tó wà níwájú rẹ̀. Mo ti ń kọ́ni ní èyí láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò sọ ìlà kan nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún mi láràárọ̀.

Ọjọ́rú, 8/4

A ti gba ìsinmi. Mo lọ kó ohun tó kù ní láàbù, mo rí ìwé Ìkẹ́olúwa lábẹ́ àga. Ní ẹ̀yìn ìwé, ọjọ́ keje oṣù kẹta, ọjọ́ kejì tí mo nà án, ó kọ báyìí:

"Mọ́kànlá ni àròpọ̀ tó wà ní àárín gbùngbùn sódíọ̀mù, wọn kì í kúrò níbẹ̀. Mọ́kànlá ni àyọkúrò tó ń yí i ká. Bí àyọkúrò kan bá lọ, mẹ́wàá ló kù, àròpọ̀ sì ṣì jẹ́ mọ́kànlá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ohun tó ní ni wọ́n ń kọ sí i lórí, ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ara wọn rẹ́ ni. Mi ò ní sọ fún Mà pé mo ti mọ̀ ọ́n."

Mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, mo kà á, mo tún kà á.

Ọjọ́ Àìkú, 12/4

Ọdún Àjíǹde. Bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Olúsọjí dúró lẹ́nu géètì, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, kò bá wa wọlé. Ó gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

"Ọwọ́ tó sọ ọmọ mi di báyìí, mo a ṣẹ́ ẹ. Mo ti fi ukú ùyá mi búra. Títí mo a fi ṣẹ́ ẹ, Ìkẹ́olúwa kò ní fọwọ́ kan ùwé mọ́, kò ní ṣe ùdánwò kankan. Ẹ bá mi sọ fún Dàda níbi yòówù kó wà."

Àlùfáà bẹ̀ ẹ́. Ó ta àlùfáà nù. Ìdánwò Kẹ́mísírì jẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21/4

Wọ́n ti dá ọmọ náà sílẹ̀ ní ọsibítù. Mo dúró kí bàbá rẹ̀ wọ igbó kí n tó lọ sílé wọn. Ìkẹ́olúwa jókòó sórí pákó lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ ọ̀tún nínú báńdéèjì. Ọwọ́ òsì ló fi mú ẹ̀ka igi, ó ń fi kọ nǹkan sórí ilẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ sì mọ́. Ó ní wọ́n bí ọwọ́ òsì mọ́ òun, bàbá òun ló fi okùn dè é mọ́ ẹ̀yìn títí òun fi jáwọ́, nígbà tí òun wà ní kíláàsì kìíní.

Mo bi í pé kí ló ń wá nídìí ìgò. Ohùn mi le, mo gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde.

Ó ní, "Mo rí i tó ń lọ sókè sódò nínú ìgò, Mà. Mo rí i tó ń hó. Mo mọ̀ pé omi ni. Mo fẹ́ ṣí i kí n jù ú síta láti ojú fèrèsé."

"Kí ló dé tí o kò pè mí?"

Ó fi ẹ̀ka igi pa ohun tó kọ rẹ́. "Ẹ ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ugò yín. Mo rò pé ẹ máa nà mí."

Ògiri yàrá kan péré ló wà láàárín wa lọ́jọ́ náà. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, bóyá mẹ́sàn-án. Ọmọ náà yàn láti fi ọwọ́ rẹ̀ gbé iná ju kó pe orúkọ mi. Mo dìde, mo sáré jáde, mi ò dágbére fún ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 24/4

Mo kọ lẹ́tà sí Adó, mo fi ọ̀kan fún ọ̀gá. Mo kọ gbogbo rẹ̀: ìlà tí mo fà, ohun tí mi ò sọ fún Bàbá Dàda, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i, irọ́ tí mo fọwọ́ sí. Ọ̀gá ya tirẹ̀ lójú mi. Ó ní, "Ẹ fẹ́ pa ara yín ni?" Mo ní èyí tó ti lọ sí Adó kò ní ya.

Ọjọ́ Ajé, 27/4

Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní Olúsọjí ti mọ̀ pé Àsin ni Bàbá Dàda wà. Àárọ̀ ọ̀la ló fẹ́ lọ. Ọkùnrin náà kò tíì lè dìde jókòó.

Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mo ti lọ sí ilé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yẹ kí n lọ sọ fún ọlọ́pàá ní Ìkọ̀lé. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé Olúsọjí lónìí, wọ́n á fi í sílẹ̀ lọ́la, ìbúra rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, ọmọ náà kò sì ní wọ gbọ̀ngàn ìdánwò láéláé. Mo mọ irú ènìyàn tó jẹ́, torí irú rẹ̀ ni mí.

Mò ń lọ bá a báyìí kí ọkàn mi má baà yí padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9/5

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí. Ìlà kan, ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo máa ké e kúrú.

Olúsọjí ń pọ́n àáké nígbà tí mo dé. Mo sọ fún un. Mo ní ẹnu mi ló rán an, ìbẹ̀rù mi ló bu omi, Bàbá Dàda kò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ máa lọ ulé, Tíṣà. Obìnrin ni yín." Mo ní ó ti fi ikú ìyá rẹ̀ búra, ọwọ́ tó ṣe é sì nìyí. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi lé orí gẹdú.

Ó ní kí n gbé e kúrò. Mi ò gbé e. Ìkẹ́olúwa ń pariwo láti inú ilé pé, "Bàbá, ẹ má ṣe é! Mà, ẹ dìde!" Ìyá rẹ̀ dì í mú. Ojú Olúsọjí pọ́n, ó ń sunkún, ó sì ń bú mi. Ó fi ẹ̀yìn àáké gbá a lẹ́ẹ̀kan.

Egungun mẹ́ta. Mo sọ fún dókítà ní Ìdó pé pákó ló já lé mi. Olúsọjí kò lọ sí Àsin. Ó ránṣẹ́ pé ọmọ òun á ṣe ìdánwò.

Ọjọ́rú, 13/5

Lẹ́tà dé láti Adó. Wọ́n ní kí n wá síwájú ìgbìmọ̀ ní oṣù kẹfà. Bàbá Dàda kò ní pàdánù owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ní tèmi, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá mi dúró. Òjò rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19/5

Wọn ò gba tíṣà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà láàyè nítòsí gbọ̀ngàn. Mo dúró lẹ́yìn ilé oúnjẹ. Olúsọjí fi alùpùpù gbé Ìkẹ́olúwa wá, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Kò kí mi, èmi náà kò kí i. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ la fi wà bẹ́ẹ̀.

Àwọn márùn-ún ìyókù ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n ń pariwo, wọ́n ní ìbéèrè áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀. Ìkẹ́olúwa ló jáde kẹ́yìn, ọwọ́ òsì rẹ̀ dúdú fún yíǹkì. Mo lọ pàdé rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun gbogbo.

Mo ní, "Báwo ni?"

"Mo dáhùn mẹ́rin, Mà. Àkókò ò tó fún ìkarùn-ún."

"Ó tó. O máa yege. Ṣé o rí i, ohun gbogbo ti parí báyìí. Bàbá rẹ ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, èmi náà ti san tèmi."

Ó wo báńdéèjì mi. Ọmọ tí mo ti nà tí kò sunkún, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ta lẹ san án fún, Mà? Ta ló bi mí? Bàbá mi fẹ́ ṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin náà gbé ọwọ́ kalẹ̀ fún un. Mò ń ké nú ulé, ẹ̀yin méjèèjì ò gbọ́ mi. Ìgbà tí tiyín ṣẹ́, ìka tèmi ò hù padà. Ẹ wá sí ọsibítù, ẹ wá sí ulé wa, ẹ gbé ọwọ́ fún bàbá mi. Ẹ kò tíì ní kí n má bínú rí."

Mo wá inú ara mi títí, mi ò rí ọjọ́ kan tí mo sọ ọ́ fún ọmọdé kankan, kì í ṣe òun nìkan. Nílé wa, àgbà kì í sọ ọ́. Àgbà á ra nǹkan fún ọ, àgbà á fi ẹran kún oúnjẹ rẹ, ìwọ á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn níwájú rẹ̀. Olùdarí ìdánwò wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ kíláàsì kékeré wà lójú fèrèsé, Olúsọjí ti dìde lábẹ́ igi.

Mo ní, "Ìkẹ́olúwa, má bínú. Èmi ni mo ṣe é. Má bínú."

"Mà, ẹ dìde. Àwọn ènìyàn ń wò yín."

Mo ní kí wọ́n máa wò.

Kò sọ pé òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó gbá ìwé ìbéèrè rẹ̀ mọ́ra, ó sì lọ bá bàbá rẹ̀. Mo ṣì wà lórí eékún nígbà tí alùpùpù náà gbéra.